Kà Á Kí O Tó Fọwọ́ Sí I: Bí A Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Ítírì l'Abẹ́òkúta

Adìyẹ mọ́kànlá ló kọ́ mi níṣẹ́ ítírì. Ọdún 2021 ni, mi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ̀ka kan ni lára àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó wà káàkiri Nàìjíríà, tiwa wà lápá Pánṣẹ́kẹ́ níbí. Aago méjì ọ̀sán lù, ọmọbìnrin tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń kánjú, ọlọ́kadà tó máa gbé e ti ń fun fèrè níta. Ó ní, "Adìyẹ ogójì ló wà nínú wọ́mà, jọ̀ọ́ bá mi fọwọ́ sí i." Mo wo inú wọ́mà, àpótí tí wọ́n fi ń mú kí oúnjẹ wà ní gbígbóná, adìyẹ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, mo fọwọ́ sí i. Lálẹ́ tí a ń ṣírò, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀rọ sọ pé mo tà, wọ́mà sì ti ṣófo. Wọ́n yọ owó mọ́kànlá tó kù nínú owó oṣù mi. Bóyá ó jí i ni o, bóyá ó ṣì í kà ni o, mi ò mọ̀ títí dòní, mi ò sì lè búra. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀ kí n tó wá dá iná tèmi ní Asẹ̀rò, níbi tí mo ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀. Kò sí oṣù kan tí ọmọ ẹnìkan ládùúgbò kò ní wá bá mi: "Àǹtí, wọ́n ti pè mí síṣẹ́ o. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé oúnjẹ sísè ni wọ́n ń lọ ṣe. Sísè ibẹ̀ kò le. Ata ti wà nínú ọ̀rá láti Èkó, wọ́n ti wọn iyọ̀ sí i, iye ìṣẹ́jú tí nǹkan máa lò lórí iná wà lára ògiri. Kíkà ni iṣẹ́ náà: o máa ka adìyẹ, o máa ka owó, o máa ka wákàtí, o sì máa ka owó oṣù tìrẹ.

Kí o tó gbà pé o máa wá

Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò ara, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gba ìgbẹ́, wọ́n á wò ó bóyá táífọ́ọ̀dì tàbí aràn wà lára rẹ. Lọ sí ọsibítù gidi. Àwọn kan wà tó máa kọ ìwé fún ọ láì gba ẹ̀jẹ̀ kankan, owó tiwọn sì dín. Má dán an wò. Àwọn wolé-wolé kì í ránṣẹ́ kí wọ́n tó dé, ìwé yẹn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, fi ojúlówó sílé.

Bàtà dúdú tó bo ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀. Òkìríkà ni mo ra tèmi ní Kútọ̀, ó bá mi dé ọdún kejì. Má ra bàtà dídán tí wọ́n fi ń lọ sóde, torí òróró àti omi ló jọ ń gbé ilẹ̀ ilé ìdáná yẹn. Gé èékánná rẹ, má kùn ún. Irun á wọ inú àwọ̀n. Bí o bá ń lo híjáàbù, lo kékeré tó ṣeé kì bọ inú aṣọ. Àwa mẹ́ta là ń lò ó ní ẹ̀ka tiwa, ẹnikẹ́ni ò yọ wá lẹ́nu.

Ọkọ̀ ńkọ́? Ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tí wọ́n ní aago mẹ́wàá alẹ́ la ń tì, múra sílẹ̀ de aago mọ́kànlá, torí ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn tán la tó ń fọ ilẹ̀, la tó ń ṣírò owó. Márúwá ti dín kù nígbà yẹn, èyí tó bá sì kù á pe iye tó wù ú. Ọ̀kan nínú wa ń gbé Òbáńtókò. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù rẹ̀. Oṣù méjì ló fi fara dà á, ó bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí o tó gba iṣẹ́, lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ ọkọ̀ padà sílé ní aago mọ́kànlá, kọ iye tó ná ọ sílẹ̀. Fi ti àlọ kún un, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n pè fún ọ. Èyí tó kù ni owó oṣù rẹ.

Ẹ̀yìn, níbi tí kásítómà kò ti rí ọ

Ìdí síńkì ni wọ́n máa gbé ọ sí lọ́sẹ̀ kìíní. Má bínú, ibẹ̀ ni gbogbo wa gbà kọjá. Síńkì mẹ́ta ló wà: àkọ́kọ́ fún ọṣẹ, èkejì fún omi tí a fi ń ṣàn án, ẹ̀kẹta fún oògùn apakòkòrò. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ẹ̀kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Má fò ó. Bí o bá ń fọ ọwọ́ náà, ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún, má kánjú. O máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, lẹ́yìn adìyẹ tútù, lẹ́yìn owó, lẹ́yìn fóònù. Pákó ìgénǹkan ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa fún ẹran tútù, àwọ̀ ewé fún ewébẹ̀ àti sálàdì. Ẹni tó fi pákó pupa gé kúkúńbà, àrùn ló ń gé sínú abọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí jù lẹ́yìn ni ìwọ̀n ooru. Láàárín 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti máa ń pọ̀ sí i kíákíá. Oúnjẹ tútù kò gbọdọ̀ ju 5 lọ, gbígbóná kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 60 lọ. Ní ti adìyẹ, a máa ń ki irin tí a fi ń wọn ooru bọ ibi tó nípọn jù lára itan rẹ̀, kó má kan eegun. Bí kò bá tíì pé 74, ó padà sínú òróró nìyẹn. Má gba ojú gbọ́: mo ti rí adìyẹ tó pọ́n tó wuni jẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nídìí eegun rẹ̀.

Bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò dá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fírísà. Fírísà tó kún, tí a kò ṣí, lè mú yìnyín rẹ̀ dání fún nǹkan bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì á mú un tó wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ẹnìkan á ṣáà fẹ́ mu omi tútù! Èmi a máa jókòó lé ọmọrí rẹ̀ ni.

Òróró ló ṣe mí ní àmì tó wà lápá òsì mi yìí. Mo da adìyẹ tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ sínú òróró gbígbóná, òróró fò sókè, ó bá mi lápá. Gbọn yìnyín dànù, nu adìyẹ gbẹ, fi apẹ̀rẹ̀ onírin sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ má sì wà lókè rẹ̀. Bí òróró bá gbaná, pa gáàsì, fi ọmọrí dé e. Má bu omi sí i láéláé, omi ló ń sọ iná yẹn di ti òrùlé. Bí ó bá jó ọ, gbé ibẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi fún ogún ìṣẹ́jú. Ìyá tó ń fọ ilẹ̀ fẹ́ fi ọṣẹ ìfọyín ra tèmi, òmíràn ń sáré lọ fọ́ ẹyin. Inú rere ni, àmọ́ omi lásán ni kí o lò, lẹ́yìn náà kí o jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù bó bá tóbi.

Káńtà

Àwọn tó wá láti Èkó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní kí a dúró ṣánṣán, ká wo kásítómà lójú, ká rẹ́rìn-ín, ká fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn káàbọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ mi ní káńtà, ìyá kan wọlé, àdìrẹ ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀, ó jọ pé Ìtòkú ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà. Mo dúró ṣánṣán, mo wò wọ́n lójú, mo sọ Gẹ̀ẹ́sì mi. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Gbogbo ìlà dákẹ́. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn, báyìí ni mo ń ṣe é. Bí àgbàlagbà bá dé iwájú rẹ, tẹ orúnkún rẹ ba lẹ́yìn káńtà. Wọn kò ní rí orúnkún, wọ́n á rí i pé orí rẹ lọ sílẹ̀, ìyẹn ti tó. Ọkùnrin á tẹrí ba kó fọwọ́ kan káńtà. "Ẹ káàsán ma, ẹ kú ọ̀nà. Kí ni ká bù fún yín?" Lẹ́yìn ìyẹn kí o wá sọ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí kámẹ́rà lè rí i pé ètè rẹ mì. Máníjà wa kọ́kọ́ bá mi wí sí i. Nígbà tó rí i pé ìyá aláṣọ àdìrẹ ń padà wá, tí wọ́n sì ń bèèrè "ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí ni", ó dákẹ́.

Ìgbakọ méjì tí a ré orí rẹ̀ ni ìrẹsì ẹnìkan. Kì í ṣe èyí tó ga bí Olúmọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ, gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n nígbà gbogbo títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n. Bí o bá ń bù ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lójúmọ́, ìkòkò tí wọ́n ní ó yẹ kó bọ́ ọgọ́rin á tán ní àádọ́rin, wọ́n á sì bi ọ́ léèrè. Kásítómà á ní, "Ọmọ mi, fi kún un jàre." Má dá wọn lóhùn pẹ̀lú "òfin ni". Sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ata kún un fún yín." Ata nìkan ni wọn kì í kà. Ìmọ̀ yìí, ọdún kan gbáko ni mo fi wá a.

Ìjà adìyẹ le ju ti ìrẹsì lọ. Gbogbo ayé ló fẹ́ itan, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ àyà, bẹ́ẹ̀ adìyẹ kan ò ní itan mẹ́fà. Má jẹ́ kí wọ́n máa na ìka sí i láti inú gíláàsì, "kì í ṣe ìyẹn, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, rárá, tẹ̀yìn ìyẹn." Sọ ohun tó kù kí wọ́n tó bèèrè: "Itan mẹ́ta ló kù sà, àyà pọ̀." Ẹni tó bá fẹ́ dúró de èyí tó wà lórí iná, sọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún un, kí o má sì purọ́. Bó bá ku méjìlá, má sọ márùn-ún.

Baba kan wà tí wọ́n máa ń wá láti Ìbarà, fìlà wọn kì í gbé orí wọn tẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọlé, ìbéèrè kan ni: "Ṣé ẹ ti ní láfún?" Èmi á ní, "A ò tíì ní sà, sẹmó àti àmàlà dúdú ló wà." Wọ́n á ní, "Ilé oúnjẹ wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kò ní láfún. Ta wá lẹ̀ ń dáná fún?" Wọ́n á ra mííìtì páì mẹ́rin fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n á lọ. Kí n má purọ́, ẹ̀yìn baba yẹn ni mo wà. Ọ̀fàdà pàápàá, tó jẹ́ pé ìlú Ọ̀fàdà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ló ti gborúkọ, ọjọ́ Jimọ̀ nìkan la ń sè é. Ṣùgbọ́n káńtà kọ́ ni a ti ń jà fún un. Ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ ẹ̀dùn kásítómà sí, mo kọ láfún síbẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án.

Owó. Bí wọ́n bá gbé ẹ lé ìdí owó, pe iye tí wọ́n fún ọ sókè kí gbogbo ìlà gbọ́: "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lẹ fún mi o, ma." Má tíì jù ú sínú àpótí. Gbé e lé orí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí ṣéńjì á fi dé ọwọ́ wọn. Bí ó bá wọ inú àpótí tán, tí wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá làwọn fún ọ, kí lo fẹ́ fi hàn? Bí ṣéńjì kò bá sí, kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì, kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ náà, fọwọ́ sí méjèèjì.

Alẹ́ẹ̀tì sì tún nìyẹn. Ojú fóònù kásítómà kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọkùnrin kan tó wọṣọ dáadáa ra oúnjẹ ₦14,500 lọ́jọ́ Sunday kan tí ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi alẹ́ẹ̀tì hàn mí lójú fóònù rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ wa wà níbẹ̀ pégé. Mo gbé oúnjẹ fún un. Owó yẹn kò dé títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tìrẹ ni kí o dúró dè, bí gbogbo ìlà tilẹ̀ ń pariwo. Nígbà tí owó bébà dàwátì ní oṣù kejì ọdún 2023, tí báńkì àpapọ̀ fẹ́ gba igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún àtijọ́ kúrò nílẹ̀, ìdúró yẹn a máa gba wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ á wà nínú ọ̀rá lórí káńtà, olówó á jókòó, tiráńsífà á máa rìn kiri lójú òfuurufú. Mo kọ orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, iye, àti aago sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ sílé, wọ́n wá gbé e lọ́jọ́ kejì, owó wọn ti wọlé lóru. Bí máníjà bá ní kí o gbé oúnjẹ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì dé, gbé e, ṣùgbọ́n kó kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀ kí oúnjẹ tó kúrò lórí káńtà.

Nígbà tí o bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Dé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Wọṣọ iṣẹ́, fọ ọwọ́, kí o lọ dúró ti ẹni tó fẹ́ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ kà á, ohùn yín sókè. Má fi ojú kà á nínú wọ́mà. Kó wọn jáde sórí páànù, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ká rí ilẹ̀ láàárín wọn. Mííìtì páì bẹ́ẹ̀, mọ́ínmọ́ín bẹ́ẹ̀, ìgò bẹ́ẹ̀, ike oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Àní ike! Ike òfìfo ni wọ́n fi ń mọ iye oúnjẹ tó jáde, ẹni tó bá fi ike kan bu omi mu ti dá gbèsè sílẹ̀ fún ẹnìkan.

Inú ẹlòmíràn kì í dùn sí i. "Ṣé olè lo pè mí ni?" Má bá a jà. Èmi máa ń sọ pé, "Rárá o, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ kà á." Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa fi dá ìyẹn lóhùn.

Ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò, àti bírò méjì, torí ọ̀kan máa sọnù. Kọ ọjọ́ sí i, kọ aago, iye tí o bá nílẹ̀, orúkọ ẹni tó fà á lé ọ lọ́wọ́. Ti ilé iṣẹ́ wà o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ máníjà ni tiwọn ń sùn, tìrẹ á bá ọ relé. Ohun tó bá já bọ́ sílẹ̀, tó jó, tàbí tí kásítómà dá padà, ìwé ìbàjẹ́ ló ń wọ̀, kí máníjà fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé wọ́n dà á nù. Bí ọ̀gá kan bá mú adìyẹ mẹ́ta tó ní òun á kọ ọ́ tó bá yá, máa rẹ́rìn-ín sí i, kí o kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ: adìyẹ mẹ́ta, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìwé yìí gbà mí lọ́dún 2022. Wọ́n ní mííìtì páì mẹ́rìndínlógún kò sí, wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìyọwó. Mo gbé ìwé mi kalẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjìdínlógún jó mọ́ ìdí páànù láàárọ̀, mo kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Wọ́n lọ wo ìwé ìbàjẹ́ wọn, wọ́n bá a, ẹni tó ń ṣírò ló ka 18 bíi 2. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n wọn ò yọ kọ́bọ̀.

Àwọn ọjọ́ tí ilẹ̀ máa ń mì

Ọjọ́ ìsinmi, láti aago méjìlá tí ṣọ́ọ̀ṣì ń túká títí di mẹ́rin. Jimọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yunifásítì FUNAAB bá ń gbàwé ẹ̀rí, tí mọ̀lẹ́bí mẹ́wàá á tẹ̀ lé ọmọ kan láti Alábàtà wá. Ìgbà ọdún Lísàbí. Gbogbo oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ni ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, jẹun yó kí o tó wá, yàgbẹ́ kí o tó wá (mi ò ṣàwàdà), mu omi nígbàkugbà tí àyè bá yọ. Ike, ọ̀rá, síbí, jẹ́ kí wọ́n ti wà lábẹ́ káńtà ní ìlọ́po méjì kó tó di aago mọ́kànlá. Ọmọ kan á bì, òmíràn á sọnù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni méjì á jà lórí àga. Máa bù, máa kí, máa kà.

Owó tìrẹ àti wákàtí tìrẹ

Nígbà tí wọ́n yọ owó adìyẹ mọ́kànlá, mi ò mọ ohun tí òfin wí. Bó ṣe rí nìyí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù, àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀ pàápàá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé gbà á láyè kí wọ́n tó yọ ọ́. Òfin yìí kan náà ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ọjọ́ kan nínú méje jẹ́ tìrẹ. Tí o bá pé ọdún kan, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán ni ìsinmi rẹ, pẹ̀lú owó. Láti oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù, àyàfi ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25.

Bí o ṣe máa bèèrè rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Má bèèrè láàárín ìdáná, má bèèrè lójú kásítómà. Lọ bá máníjà láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, tí ọjà kò yá, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé ìyọwó yìí fún mi, mo fẹ́ rí i nínú ìwé." Sáà ti béèrè fún ìwé. Nígbà mìíràn, kí wọ́n tó jókòó kọ ọ́, wọ́n á ti dá owó náà padà. Wákàtí àfikún, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn lójoojúmọ́. Ní ìparí oṣù kan, mo bá wákàtí mẹ́sàn-án tí wọn kò san, wọ́n sì san án nígbà tí mo fi hàn wọ́n.

Ọjọ́ tí o bá ń lọ

Òfin ti sọ iye ọjọ́ tí o máa fi tó wọn létí: ọ̀sẹ̀ kan bí o bá ti lé lóṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí o kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì bí o bá ti pé ọdún méjì tí o kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan bí o bá pé márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi ìwé sọ ọ́, gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Fọ yúnífọ́ọ̀mù, lọ̀ ọ́, ka gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, épírọ́ọ̀nù kan, fìlà kan, kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ kan ni tèmi. Wọ́n fọwọ́ sí i. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí láti Èkó pé ṣẹ́ẹ̀tì kan kù lọ́wọ́ mi, mo ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò pè mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ṣe. Ọmọbìnrin tuntun kan ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn tó kù ti ń dúró dè mí lẹ́yìn, wọ́n ti ra kéèkì, wọ́n ń pe orúkọ mi. Mo ní, "Adìyẹ ogójì ló wà nínú wọ́mà, bá mi fọwọ́ sí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé páànù. "Ẹ dúró ná, Àǹtí. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á."

Méjìdínlógójì ni. Méjì tó kù ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ onírin, òróró ń kán lára wọn.